Màmá Tó Tẹ́ Ibùsùn fún Mi ní Tókíò

Ṣọ́ọ̀bù Olúgbémi Oníkatakata,
Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀,
Ìkirè.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Gàrúbà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, Nàfísátù alárinrin? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti ká kòkó tán. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Ilé tiwa náà wà dáadáa. Màmá rẹ ńkọ́? Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn. Kí n tó rìnrìn àjò, o ní láti ìgbà tí o ti gba agbada dòdò lọ́wọ́ wọn, tí o kó wọn kúrò létí títì Ìkirè wá sọ́dọ̀ rẹ ní Apòmù kí wọ́n lè sinmi, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò ṣáá. Ṣé wọ́n ti ń jẹun báyìí?

Mo mọ̀ pé wàá ti máa fi mí rẹ́rìn-ín, pé Ìkirè sí Apòmù tí kò ju ká gun ọ̀kadà lọ ni mò ń kọ lẹ́tà sí. Tí mo bá wá sọ ọ́ lójúkojú, n kò ní sọ ọ́ dé ìdajì tí wàá fi pariwo mọ́ mi. Èèyàn kì í pariwo mọ́ lẹ́tà. Jókòó kí o kà á.

O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe katakata ló pe àwa tí à ń tún un ṣe lọ sí Tókíò fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá wọ̀ sí, ilé gogoro onígíláàsì láàárín ìgboro ni, irú èyí tí àwọn olówó ń sùn. Ṣùgbọ́n bàtà ni wàá kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí yín. Ẹní ló kún ilẹ̀, láti inú lífìtì títí dé yàrá. Ilẹ̀kùn yàrá jẹ́ onípépà, ṣe ni wọ́n ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, Olúgbémi, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi fa ilẹ̀kùn. Màmá arúgbó kan ni, orí wọn funfun bí òwú, wọ́n á ju Màmá rẹ lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, wọ́n sì forí kan ẹní. Fún èmi o! N kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá rí i pé orí mi ti lọ sílẹ̀ ju tiwọn lọ, wọ́n tún tẹ̀ ba sí i. Èmi náà tún fàyà lẹ̀ sí i. Ká ní ilẹ̀ yẹn ṣeé gbẹ́ ni, à bá ti já sí yàrá ìsàlẹ̀.

Wọ́n gbé tíì wá, mo gba tíréè lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo da tíì fún wọn. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń fa ibùsùn tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ẹní jáde, mo já a gbà, mo tẹ́ ẹ fúnra mi. Mo fọwọ́ júwe pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sinmi. Wọ́n dúró sí kọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé inú wọn dùn ni. Inú èmi náà dùn. Mo ní wọ́n á rí i pé ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀ ni mí.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin kan ló gbé oúnjẹ wá. Máníjà tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn méjì tó wọ kóòtù dúdú, wọ́n ń tẹríba, wọ́n tún ń tẹríba. Mo pe Fọláṣẹwà, ọmọ Òṣogbo kan tó ń gbé ibẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe ògbufọ̀ wa. Ó dé, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bọ̀dá, kí ni Màmá Tomíkò tó gbé tíì wá lánàá ṣe fún yín?"

"Kí ni wọ́n ṣe bí? Wọn ò ṣe nǹkan kan o."

"Máníjà ní ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Níbí, tí àlejò bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ẹni yẹn ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n ti ní kí Màmá máa lọ sílé, kí wọ́n má wá mọ́."

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Fọláṣẹwà ní ilé àlejò kékeré kan ló wà lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó wó o kọ́ ilé gogoro, àtìgbà tí Màmá yìí ti wà ní omidan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá tuntun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Màmá ti dàgbà jù, pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n máa rí dì mú ni wọ́n ń wá, èmi ni mo sì lọ gbé e fún wọn. Mo ní kó bá mi ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ tiwa àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn. Ó ṣàlàyé títí. Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún tẹríba.

"Kò gbà gbọ́, Bọ̀dá. Ó rò pé ẹ kàn ń bo Màmá láṣìírí ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ ní Màmá lẹ fẹ́. Kí wọ́n wá ṣe gbogbo ẹ̀ lójú máníjà. Ẹ̀yin, ẹ jókòó. Ẹ ò gbọdọ̀ dìde, ẹ ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn."

"Kí n jókòó, kí ẹni tó tó bí mi lọ́mọ máa kúnlẹ̀ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí ẹ bá dìde pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn."

N kò gbọ́ ẹ̀kọ́ katakata kankan lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ká ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù, máníjà dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi wolé-wolé. Màmá wọlé. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n forí kan ẹní. Gbogbo ara mi fẹ́ lọ sílẹ̀, mo di aṣọ mi mú. Wọ́n gbé tíréè, ife ń mì, ó ń dún lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbéra. Fọláṣẹwà wúkọ́. Mo fa ọwọ́ náà padà, mo sì jókòó lé e mọ́lẹ̀, tọ̀tún tòsì. Ẹ̀rù bà mí, Gàrúbà, kí n má purọ́ fún ọ. Omi gbígbóná, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àti iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí èmi ni mo fẹ́ bà jẹ́. Wọ́n da tíì náà tán. Ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀.

Wọ́n wá fa ibùsùn jáde. Bí wọ́n ṣe dì í mú báyìí, ọwọ́ wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni pé kò gbọ̀n rí. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, wọ́n fà á létí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un fà. Ojú Màmá rẹ ni mo rí níwájú mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí dòdò bá ń hó nínú epo, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ṣíbí. Omijé lé ròrò sójú mi. Orí ìjókòó ni mo wà tí mo fi sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

Fọláṣẹwà túmọ̀ rẹ̀. Màmá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ nǹkan kan, máníjà pàápàá bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní lánàá, ibi ẹsẹ̀ lẹ gbé ìrọ̀rí sí."

Wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ló ń tẹ́ ibùsùn mi títí mo fi kúrò, n kò sì dìde mọ́.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi gba agbada lọ́wọ́ Màmá. Ìfẹ́ ni èmi náà fi gba tíréè. Ojú tí mo rí ní kọ̀rọ̀ yàrá yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo pè ní ìdùnnú, òun náà ni mo rí lójú Màmá rẹ nígbà tí mo wá dágbére fún yín.

Bá mi kí Nàfísátù àtàwọn ọmọ. Sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀ ní Sátidé, dòdò ni mo fẹ́ jẹ, kì í sì í ṣe èyí tí ìyàwó rẹ dín. Kó má bínú. Gbé agbada náà jáde, dá iná sábẹ̀ rẹ̀, kí o sì kúrò níbẹ̀. Tí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, jókòó lé tìrẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Olúgbémi.