Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Rẹ Tó Di Ti Àlejò

Nzilani, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ti le ní Nairobi níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ̀fọ́rí náà ti lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà ń mí níbí. Òjò tún ti fò wá kọjá, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan ló yè.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ tí ẹ̀rọ ń hun nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń tà lórí fóònù. Kíá ni mo gbé fóònù mi tọ Kyalo tó ń tún fóònù ṣe lọ, mo ní kó bá mi yọ ọjà olè yẹn kúrò níbẹ̀. Ó ní, Tíṣà, inú fóònù gbogbo ayé ló wà o. Mo ní kó ṣáà kọ́kọ́ yọ ti inú tèmi ná.

Ọmọ mi, èmi ni mo fà á. O ṣì kéré nígbà tí àlejò kan ti òkè òkun wá, tó ní òun fẹ́ mọ bí ìyá rẹ ṣe ń hun ọnà ẹsẹ̀ èèrà tí àwọn ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìyá rẹ fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní ojú ọkùnrin yìí kò sí lára apẹ̀rẹ̀ o, ọwọ́ òun ló ń wò. Mo pè é ní ahun. Mo ní ìmọ̀ dà bí iná, ẹni tó wá fọnná kò pa iná onílé. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ògbufọ̀, títí ìyá rẹ fi fi gbogbo rẹ̀ hàn án, láti ìdí dé etí.

Ẹni tó fọnná ti wá mọ odi yí ààrò wa ká. Ẹrù apẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ahunṣọnà ibí fi ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n dá a padà, wọ́n ní ọnà yẹn ti ní oní-nǹkan lábẹ́ òfin, àwa ni olè. Ìyá rẹ, olè! Ilẹ̀ wa kò ní ẹ̀rọ, òjò kì í rọ̀ sóko wa, ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ni oko tó kù fún wa, èmi tí mo kàwé ni mo sì ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran.

O mọ̀ pé bí ìyá rẹ bá ń rìn, ó ń hun ni. Ojú ọ̀nà ló bí ọ sí, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí ó ń lọ sódò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kàn ń fì dirodiro. N kì í lè wò ó.

Mo jíṣẹ́ lọ́yà tí o bá wa wá fún un, pé kó wá hun ọnà náà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti àwọn obìnrin ibí ni. Ó ní ṣé mo tún ti rí àlejò mìíràn ni. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó tú u tán, ó ká okùn rẹ̀ jọ. Ó ní ìwọ nìkan lòun máa kọ́, kí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ gbé e lọ bá wọn, kí èmi má sì sí nínú ilé.

Jọ̀wọ́, wá. Oògùn orúnkún mi ti tán, ìyẹ̀fun àgbàdo náà ti ń lọ sópin. Bí o bá rí ṣílè díẹ̀, fi sínú fóònù mi, mo ti mọ̀ báyìí pé owó kì í dà nù bí mo bá dorí fóònù kodò. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan lo ní, má fi ránṣẹ́, òun ni kí o fi wọkọ̀ wálé.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣòfò, Nzilani. Ohun tí o bá ṣe, orúkọ rẹ ni wọn yóò fi pè é. Ọjọ́ tí o bá dé, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa jókòó sí. Ẹ má pè mí títí ẹ ó fi ṣe tán.

Bàbá rẹ,
Muthoka