Àmì Okùn Lára Bẹ́ẹ̀dì Ìkókó

                                                                Yàrá Òkè,
                                                                Ilé Kẹrìnlá,
                                                                Òpópónà Àwọn Oníṣẹ́-Ọwọ́,
                                                                Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa, ẹ sì kú ẹrù tí ẹ pọ̀n síwájú. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti fà díẹ̀? Bàbá ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà kí ẹ máa sun ẹ̀gbẹ́ ògiri? Ìyá ọkọ yín ńkọ́, Màmá wa ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mò ń jẹun, n kò rù. Bí mo ṣe rí nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, iná ló fà á. Ara mi le bí òkúta. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè yín. Àdúrà tí mò ń gbà fún yín ní àràárọ̀ kò yí padà: ẹ ó sọ̀ ní àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu yín, mo rò pé ìkíni lásán ni. Ní báyìí, bí mo bá ti dé ibi "a ó gbóhùn ọmọ", mo máa ń tún un wí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà mi ìṣáájú tí ẹ fi bíírò pupa tún ṣe. Ẹ ní àmì ohùn mi dà bí ìgbà tí èèyàn ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìwo ìkòkò. Mo ti gbọ́. Ẹni tó lọ kàwé lókèèrè láti kékeré, tó wá ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ lágbà, ẹ máa fojú àánú wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bíírò pupa ka èyí. Ojú ìyá ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kà á.

Ẹ ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé tìmùtìmù tí mo ṣèlérí dà, èyí tí à ń so mọ́ ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì yíká kí orí ọmọ má baà gbá igi. Ẹ ní ẹ ti fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo aládùúgbò, ẹ ní bẹ́ẹ̀dì tí ẹ rà wà níhòòhò, ó ń dójú tì yín. Òótọ́ ni, mo ṣèlérí. Òótọ́ sì ni pé mo ti rán an tán. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Má-fọwọ́-kàn-án là ń pè wọ́n lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn nìyẹn bí èèyàn bá sún mọ́ sísọ́ọ̀sì wọn. Lójú wọn, Ọ̀gá ni o. Àwa méjì la wà lábẹ́ wọn: èmi tí mò ń ya àwòrán ohun tí a fẹ́ rán, àti bàbá ọlọ́mọ kan tó ń gé fóòmù, tí a sọ ní Rédíò nítorí pé kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ohun ìtẹ́sùn ìkókó ni iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ní kí n ronú kan tìmùtìmù tuntun tí kò ní léwu: kí okùn rẹ̀ kúrú kó má lè wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, kí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè, kó má sì ní nǹkan tí ọmọ lè já sẹ́nu. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ tó bá jáde, tiyín ni.

A nílò bẹ́ẹ̀dì tí a ó fi dán an wò. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ló gbé ọ̀kan wá fún wa. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ máa lò ó." Ọ̀gá ní kí wọ́n wọlé wá mu omi, wọ́n ní òùngbẹ kò gbẹ àwọn, wọ́n yí padà. Bẹ́ẹ̀dì náà dára, igi rẹ̀ ń dán. Nígbà tí mo ki orí bọ inú rẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, mo rí ìràwọ̀ kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ pákó ibi orí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nìkan ló lè rí i. Mo tún rí i pé ọ̀dà ti bó lára àwọn ọ̀pá kan, ó funfun yíká bí òrùka. Ibi tí òrùka wọ̀nyẹn wà gan-an ni mo fẹ́ so okùn mi sí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní ẹnìkan ti bá mi sàmì sí i sílẹ̀. Mo so ó síbẹ̀.

Rédíò wá fi aṣọ rán ọmọ kan, ó rọ yanrìn sí i nínú títí ó fi wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Kò rán ojú sí i. Ó sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré, ó ní nínú gbogbo wa, òun nìkan ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn ò lé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a so tìmùtìmù náà, a tẹ́ Ọ̀gá Kékeré sí àárín, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, a tilẹ̀kùn, a lọ sílé. Nígbà tí a dé láàárọ̀, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki imú bọ tìmùtìmù. Ọ̀gá ní, "Rédíò, ṣeré mọ níwọ̀n o." Rédíò búra, ó fi orí àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá fúnra wọn ló tẹ́ ẹ, àwọn fúnra wọn ló tilẹ̀kùn, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. A ṣílẹ̀kùn, ó tún ti kọ̀yìn sí wa bí ọmọ tó ń bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi, yanrìn lásán ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí ẹ̀yìn orí yẹn.

Rédíò rọra sọ ọ́ fún mi létí pé, "Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ìràwọ̀ yẹn fún ló ń pè é." Ọ̀gá gbọ́. "Pa ẹnu ẹ dé," wọ́n ní, "kí n tó bá ẹ rán an pa." Síbẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn náà kì í kọ́kọ́ wọlé mọ́, wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Rédíò dákẹ́. Bí Rédíò bá dákẹ́, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí fóònù já, tí gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́ lójijì, tí mo wá ń pariwo pè yín, ẹ rò pé mò ń ṣàwàdà. N kò ṣàwàdà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni n kò lè fara dà.

Bí a tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo tẹ́ ọmọ yanrìn sí àárín, mo gbé àga ti bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì í. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá ní títì, ilé mì díẹ̀, bó ṣe máa ń mì ní gbogbo ìdájí tí wọ́n bá ń kó ẹrù. Ọmọ náà sún. Díẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ mìíràn kọjá, ó tún sún. Mo tẹ ọwọ́ sí fóòmù tó sùn lé, ìgbà yẹn ló yé mi. Tìmùtìmù mi ti nípọn jù. Ó fún fóòmù náà lọ́tùn-ún lósì títí àárín rẹ̀ fi wú bí ẹ̀yìn ahun, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ojú kò rí i, àtẹ́lẹwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Kí n tó mú ọwọ́ kúrò, ọmọ náà yí. Ó dojú bo tìmùtìmù, aṣọ rírọ̀ yẹn sì gbà á mọ́ra bí ìyá.

Kò dún rárá. Ohun tó ń lé mi kiri títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Mo máa ń rò pé ohun burúkú a máa pariwo kó tó wọlé. Mo wà níbẹ̀, mo lajú sílẹ̀ kedere, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè, mo ròyìn fún wọn. Rédíò fò sókè, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe iwin. Irọ́ gbuu. A gé tìmùtìmù náà di pẹlẹbẹ, fóòmù abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú padà, ọkọ̀ ń kọjá, Ọ̀gá Kékeré kò mira. Inú mi dùn débi pé mo ti wá páálí, mo ti kọ orúkọ yín sí i lára.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Káfíńtà ń kọjá lọ, wọ́n wo inú ilé láti ojú fèrèsé, wọ́n dúró. Wọ́n wọlé. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi ìka tọ okùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan lára ọ̀pá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n wá ní, "Ojú ibi tí ìyá ẹ̀ so ó sí náà ni."

Ọ̀gá ní, "Ìyá ta ni, Bàbá?"

Káfíńtà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ọmọ yanrìn náà, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá ọrùn rẹ̀ mú bí a ṣe ń gbé ọmọ gidi, wọ́n tẹ́ ẹ padà kó fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ibi tí ojú ìbá wà. "Ó rẹwà," wọ́n ní. "Tìmùtìmù tiwa náà rẹwà. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni." Wọ́n sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, òrùka funfun tí mo fi rẹ́rìn-ín yẹn, okùn tìmùtìmù mìíràn ló ha á, ti ọmọ wọn tó sùn tí kò jí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, mo ní ṣùgbọ́n tèmi ti di pẹlẹbẹ, ọmọ yanrìn kò sì yí mọ́. Ọ̀gá wò mí. "Yanrìn ni kò yí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Ọmọ èèyàn á máa yí fúnra ẹ̀." Wọ́n tú tìmùtìmù náà, wọ́n fi bo imú àti ẹnu ara wọn, wọ́n mí díẹ̀, wọ́n nà án sí mi. Èmi náà mí. Ó kọ́kọ́ rọrùn. Lẹ́yìn náà, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bá mi ní gbígbóná, bí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ ojú. Ọmọ oṣù mẹ́ta kò lè yọ ojú.

Mo bi wọ́n pé bí ọmọ bá wá forí gbá igi ńkọ́, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin náà máa bi mí nìyẹn. "Á ké," wọ́n ní. "Jẹ́ kó ké. Ọmọ tó ń ké, ó wà láyé." Má-fọwọ́-kàn-án wá mú sísọ́ọ̀sì wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Rédíò di àga mú. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," wọ́n ní. "Ó yá, gé e." Mo gé okùn náà, gbogbo ẹ̀ pátá.

Nítorí náà, ohun tó ń bọ̀ nínú páálí nìyí: aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tó fún mọ́ fóòmù pinpin, tí kò lè ká sókè, àti aṣọ àwọ̀sùn tó rí bí àpò, tó ní síìpù, ọrùn àti apá nìkan ló ṣí, kò níí sídìí fún kúbùsù tó lè gòkè bo ojú. Fóòmù tí mo gé kò ṣòfò, mo fi rán ìfẹ̀yìntì fún àga tí ẹ ó ti máa fún un lọ́mú. Tiyín ni o! Ẹ̀yin ti dàgbà, ẹ lè yí ojú yín. Kó má wọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ láéláé. Ìrọ̀rí kékeré olódòdó tí ìyá ọkọ yín rà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jìn, ọwọ́ wọn kò lè tó mi. Bẹ́ẹ̀dì yín tó wà níhòòhò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kó wà. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn, ọ̀sán ni o, òru ni o, ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Lánàá, Káfíńtà tún wá, wọ́n mú sáńpépà dání. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ha àwọn òrùka yẹn títí igi fi dọ́gba. Wọn kò fọwọ́ kan ìràwọ̀. A kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀gá gbé omi síwájú wọn, wọ́n mu ún.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ti ṣọ́ọ̀bù báyìí láìkọ́kọ́ lọ wo Ọ̀gá Kékeré. Rédíò á ní òun ń wá téèpù. Ọ̀gá á ní àwọn gbàgbé gíláàsì ojú wọn, gíláàsì tó wà lójú wọn. Èmi kì í wá àwáwí, mo máa ń lọ tẹ́ ẹ padà kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kódà bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, ẹ bá mi kí Màmá kí ẹ má sì ka gbogbo lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ẹ kí ìyá ọkọ yín kí ẹ tó sọ ti ìrọ̀rí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí ó bá forí gbá igi bẹ́ẹ̀dì náà, tó sì figbe ta, ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ wá pè mí, kí ẹ gbé fóònù sí i lẹ́nu. Ibi yòówù kí n wà, n ó gbé e. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Èmi tí mò ń retí igbe náà,
Àbúrò yín,
Ọlọ́pọ̀-Ìbéèrè.