Sípíkà Bàbá Ti Wà Lórí Òkúta

Bàbá mi, ẹ má bínú, mo ti tú pálọ̀ yín. Ẹ má gbé sípíkà kúrò lórí òkúta o.

Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí ni mo fara kan ọ̀kan, ló bá ń mì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, ohun tí ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, báwo lọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ṣe fẹ́ já gaara? Mo ru òkúta pẹlẹbẹ méjì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbé sípíkà kọ̀ọ̀kan lé tiẹ̀. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Mo wá tan kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá gba ohùn wọn sí kí wọ́n tó kú. Ariwo wùù-wùù yẹn ti lọ! Ibi tí ẹ máa ń sọ pé etí yín ò gbé mọ́, ketekete ni mo gbọ́ ọ. Mímì yẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Àmọ́ ẹ ṣì lọ rí dókítà etí láago mẹ́wàá, ẹ má fi mí ṣe àwáwí.

Níbẹ̀ ni Màmá ti ní, "Má-rìn-jìnnà, wá jókòó tì mí," ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni Má-rìn-jìnnà? Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí nínú ilé yìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mo fẹ́ gbọ́ ìdí ẹ̀ tí mo bá dé.