Kí Ló Dé Tí O Kì Í Lo Èyí Tí O Ń Ṣe?

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ. Èmi ń bẹ, eékún ló ń dùn mí, òrùlé ẹ̀yìn sì ń jò. Aránṣọ ọ̀ọ́kán ilé wa ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi.

Fóònù ìyá rẹ tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ń bú mi pé n kò ti ilé adìẹ, bátìrì rẹ̀ ti wú. Atúnfóònùṣe ní kò ní pẹ́ kú. O ní kí n fi ránṣẹ́, kí o kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ọpọlọ tó ń darí rẹ̀. Mo ti gbà. Àfi ìgbà tí o wálé, tí o ṣí kọ̀ǹpútà tìrẹ sórí tábìlì, tí Atúnfóònùṣe yọjú wò ó, tó bú sẹ́rìn-ín, tó ní ọpọlọ tí ọmọ mi ń ṣe kọ́ ló wà nínú eléyìí o, ti àwọn tí wọ́n ń bá figagbága ni.

Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. O ní tiyín máa ń dákú nítorí ẹ ṣì ń tú u ẹ ń tò ó, pé bí o bá délé, èyí tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu ni o fẹ́. O ní ọ̀gá rẹ ń lo ti àtijọ́ torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Obìnrin tó jókòó tì ọ́ ń lo ti àwọn ẹlòmíràn kó lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣé amí ni? O ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo tiyín tọ̀sán-tòru, ẹ sì ń pè é ní Olóríkunkun. Mo ti ń ro ti ọkùnrin yẹn. Ṣé òun nìkan ni olóòótọ́ ibẹ̀ ni, àbí kò rówó ra òmíràn?

Kànga gbígbẹ́ ni mo fi tọ́ yín. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ń kọ́kọ́ mu ún, lójú ẹni tó ni ilé. Bí n kò bá mu, wọn kò ní sanwó, wọ́n sì jàre. Mo ti gbé omi ẹrẹ̀ mì rí. Ìwọ ń gbẹ́ kànga fún aráyé, o wá ń pọnmi nílé ẹlòmíràn, inú èyí tí o kì í mu yẹn ni o sì fẹ́ kí n sọ ohùn ìyá rẹ sí.

O tún ní ohùn náà á wà nínú kọ̀ǹpútà, á sì tún wà nínú fóònù. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ẹnu kan ni ìyá rẹ ní. Èwo ló máa jẹ́ òun nínú méjèèjì?

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, àti ti páànù òrùlé. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, mo sì bá tèmi lọ sílé.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ tìrẹ náà á sin ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin dé lánàá. Ó ti gbọ́ tẹnu mi, ó ní ó ku tìrẹ. Òun ni àkọ́bí, òun ló di ìyá yín lọ́wọ́ mú títí tó fi dákẹ́. Mo yọ fóònù náà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Bó bá ní kí ohùn náà wọ kọ̀ǹpútà, kó wọ̀ ọ́. Bó bá ní rárá, rárá ni. Má bẹ̀ mí mọ́. Òun ni kí o bá sọ̀rọ̀.

Èmi bàbá rẹ.