Nípa Ayùn Oníná tí O Fẹ́ Rà Wá Sílé

Ilé Bámgbóyè,
Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Tèmídayọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé dé Ìlọrin níbi tí o wà. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ nínú ara líle. Èmi wà láàyè. Ìyá rẹ náà wà láàyè. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí ó kàn lè já ọ láyà.

Mo rí àwòrán ayùn oníná méjì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, pé kí n yan èyí tí a ó máa fi gé pákó etí ilẹ̀kùn àti pákó ìdí ògiri ilé àlùfáà tí a ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Ìlá. N kò dáhùn lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí fóònù ní àdúgbò wa, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni í sùn. Ìbráhímù awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ayùn tí a yá fún iṣẹ́ náà ti ṣe wá ní ibi. Irú rẹ̀ ni o fẹ́ rà: abẹ rẹ̀ róbótó, apá irin ni ó gbé e, a lè fà á síwájú, a lè tì í sẹ́yìn, a sì lè dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí orí pákó méjì lè pàdé ní kọ̀nà láìsí àlàfo. Bọ́tìnì wà ní ibi ìdìmú rẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Sànúsí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní títẹ̀ ẹ́ ń ro òun níka, ó sì fi rọ́bà táyà ọ̀kadà so bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ káfíńtà ìhín ti máa ń ṣe. Mo ní kí ó tú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín jù. Ẹran ara yín ti yi, ayùn yìí kò lè jẹ yín.”

Iná ìjọba lọ nígbà tí abẹ wà láàárín pákó. Ayùn dákẹ́, gbogbo wa sì gbàgbé pé rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀. Babáyẹmí, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi, ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀ láti fa pákó tí ó há yọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, inú ariwo ayọ̀ yẹn ni ayùn ti jí. Ó gé ìka mẹ́ta, ó ju pákó lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ sì bo dígí ojú mi tí n kò fi rí ọ̀nà mọ́. Ìfọwọ́tálẹ̀ ni mo fi rí wáyà tí mo fi fà á tu. Ìka kan wà lórí àpótí. Èkejì rọ̀ mọ́ awọ. Ẹ̀kẹta, a gbọn gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó, a kò rí i.

Kí n tó ti ilé ìwòsàn tí Babáyẹmí wà dé, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni mo fi ìka kẹta pamọ́ fún oògùn owó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Oyèdọ̀tun, ẹ̀gbọ́n Babáyẹmí, gbọ́ tí ó fi kó àdá àti òòlù ńlá wá. Ó fọ́ ayùn náà títí ó fi di wómúwómú. Ó wá yíjú sí Sànúsí, ó fi pákó ọ̀gànwó gbá a lẹ́nu, eyín fọ́n ká. Ó tún gbá a léjìká, mo sì gbọ́ bí egungun ti dún. Nígbà tí mo dúró sáàárín wọn, ó gbé àdá sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra. N kò fẹ́ kí ó kàn yín.” Ọmọ mi, ó fẹ́ pa ènìyàn lójú mi, síbẹ̀ ‘ẹ’ ni ó ń pè mí. Ó búra pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tún gbé irú ayùn bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ọrùn ọwọ́ ni òun yóò ti gé tirẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ìwọ ni ò ń gbé e bọ̀.

Mo ti pinnu láti kọ̀wé pé kí o má wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní àná tí Babáyẹmí ti ilé ìwòsàn dé, Oyèdọ̀tun tún gbé àdá wá sí ilé wa, nítorí ó gbọ́ pé yàrá wa ni Sànúsí sá sí. Ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Babáyẹmí kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ òsì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni ó kù. Ẹ gé e, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yín fún mi lóúnjẹ títí n ó fi kú.” Àdá lọ sókè. Mo pa ojú dé. Nígbà tí mo la ojú, ó ti wọ inú férémù ilẹ̀kùn lókè orí Babáyẹmí, Oyèdọ̀tun sì ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Kí wá ni o fẹ́ kí n ṣe?” Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Ayùn ni mo fẹ́. Káfíńtà ni mí.”

Nítorí náà, ra ayùn náà. Má ra ti àwòrán àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ni ó lè tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Èkejì ni kí o yẹ̀ wò, èyí tí ibi ìdìmú rẹ̀ dùbúlẹ̀. Fi ọwọ́ òsì rẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú ẹni tí ń tà á. Bí o bá ní láti lọ́ ọrùn ọwọ́ kí o tó lè tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀ fún un. Bí o bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì, kí abẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ìbòrí rẹ̀ sì padà bò ó fúnra rẹ̀. Kí ó ní irin tí yóò di pákó mú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún Babáyẹmí kò lè di nǹkan mú mọ́. Kí irin tí ó ń rìn lé má sì yọ sẹ́yìn púpọ̀, ìwọ náà mọ bí ògiri ṣọ́ọ̀bù wa ti sún mọ́ tábìlì tó.

Mo mọ ohun tí wọn yóò wí, pé ọwọ́ òsì ni ọmọ Bámgbóyè fi ń ṣe iṣẹ́ ilé àlùfáà. Láàárọ̀ yìí, Babáyẹmí bu omi wá fún mi. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife, ó dúró, ojú sì ń tì í. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo gbà á, mo mu ún tán lójú rẹ̀.

Kí irin má ṣe mọ adùn ẹran ara rẹ. Kí ọ̀nà tí ó gbé ọ lọ sọ́jà mú ọ bọ̀ wá sílé. Kí àwọn ọmọ rẹ fi ọwọ́ pípé ṣe ìtọ́jú rẹ.

Èmi ni bàbá tí ó bí ọ,
Ọláwuyì Bámgbóyè.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó tún tú u. Oyèdọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ yóò dé gáréèjì. Ó ní orí òun ni òun yóò fi ru ayùn náà gba àárín ìlú kọjá, kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lè rí ohun tí wọn yóò sọ. Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Bí o bá ti rí i, dọ̀bálẹ̀ kí i, kí o sì gbé e rù ú.