Kànga Màmá Kò Gba Èrò Mọ́

Ọ̀jọ́, Oṣù Kẹrin, 1992

Bọ̀dá Ìgè,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Àbúrò wa Lydia ti gba yàrá sí Ìbà nítorí ilé ìwé.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde, èrò bo etíkun wa. Omi kànga Màmá ni wọ́n fi ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára títí kànga fi gbẹ. Èyí tó sun padà, iyọ̀ ló kún inú ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn bàbá wa nínú ẹbí tún fẹ́ pa àtíbàbà àlejò kún èyí tó wà létíkun de Kérésìmesì! Ẹ̀yin ni àkọ́bí, wọn ò lè ṣe é lẹ́yìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé pé kí wọ́n dín iye ọkọ̀ tó ń kó èrò wá sí etíkun kù.

Olúwa á mú yín wálé láyọ̀. Màmá ní kí ẹ má ra aṣọ bọ̀ o. Omi mímu ni kí ẹ gbé dání.

Àbúrò yín,
Àrínọlá