Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Mi Kò Ní Dírẹ́bà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òrùlé ilé tí o ń gbé kò jò mọ́? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ nígbà tí o wà lábẹ́ ojú mi, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò dé. Bàbá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ obìnrin kí ọ. Èmi náà kí ọ, àmọ́ inú ń bí mi, kí n má purọ́ fún ọ.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, torí mo pè ọ́ lórí fóònù títí ó fi sú mi, obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn ṣáá pé o ò sí nítòsí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sáré lọ pè ọ́ wá, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kò tilẹ̀ kí mi. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé, sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí o wálé gbẹ̀yìn, o jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, o ní fèrèsé tó wà nínú rẹ̀ ti gbó, o máa yọ ọ́ kúrò. Mo ní ṣé kò ní máa gbóná bí kò bá ní fèrèsé, o kàn ń rẹ́rìn-ín. O wá gbé ẹyẹ kan síbẹ̀, ẹyẹ dúdú aláyà funfun tó sanra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. O ní Línọ́ọ̀sì ni, pé ọ̀fẹ́ ni, pé òmìnira ni. Mi ò mọ̀ pé ẹrú ni mí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà, eruku sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo bébà mi.

Kí n sòótọ́, ẹyẹ náà kò yọ mí lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́. Ó yára, kì í dákú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ kú tí mo ra tuntun ni wàhálà dé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì títì gbé ìbéèrè ìdánwò wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ máa kọ ọ́, àti pé bí mi ò bá lè tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á kó gbogbo iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún onífọ́tòkọ́pì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn la fi ń jẹun, òun náà la fi rán ìwọ alára lọ sílé ìwé. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ tuntun náà ń wò mí bí àlejò tí kò gbọ́ èdè. Mo pè ọ́, obìnrin rẹ ló gbé e.

Mo wá rántí pé o fi ọ̀nà ẹgbẹ́ yín kan hàn mí nínú kọ̀ǹpútà, o ní àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ náà ló wà níbẹ̀, pé wọ́n gbọ́ èdè wa, ẹni tó bá níṣòro kó béèrè. Àbúrò rẹ bá mi wọlé síbẹ̀, ó pe orúkọ mi ní Onítẹ̀wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé bí ọmọlúàbí ṣe ń kọ ọ́. Mo kí tọkùnrin tobìnrin, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn, mo ṣàlàyé bí orókùn ṣe ń dùn mí bí mo bá dìde lórí àga, kí n tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹnì kan ní irú kánẹ̀ẹ̀lì wo ni mò ń lò. Mo ní ẹ ṣeun o, mi ò ta ẹkùrọ́ rí, ìwé ni mo ń tẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó dà bíi pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kò ní dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu, torí orí tábìlì ló máa ń wà, kò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó dé fìlà, ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n sọ fún wọn pé dírẹ́bà ti dé, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òun kò tíì kú.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Gbòǹgbò já lu ọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ ka ìwé kí n tó wá máa da àwọn àgbà láàmú, pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìtọ́jú orókùn. Àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mo pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé, mo fi etí aṣọ nu ojú mi. Bàbá rẹ ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì.

Òun náà ló ní kí n tún padà wò ó. Obìnrin kan ti kọ̀wé sí mi, ó ní ilé ìkàwé lòun ń tọ́jú ní ìlú òkèèrè. Orókùn ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná wé e. Ìgbà tí a parí ti orókùn la wá kan dírẹ́bà, ó ní kì í ṣe ènìyàn, ògbufọ̀ ni, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bàbá rẹ ní kí ló wá dé tí wọn ò pè é ní ògbufọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí àgbàlagbà lọ aṣọ lásán.

Obìnrin náà ní kí n ṣí ojú dúdú kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n kọ ohun tí òun bá pè. Ojú dúdú náà béèrè páásíwọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́, kò hàn. Mo fi kẹrosíìnì nu gbogbo bọ́tìnnì, mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, kò hàn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó ń wọlé, ó kàn ń fara pamọ́ ni. Irú ìwà wo nìyẹn nínú ilé onílé? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣe bó ṣe wí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mí kanlẹ̀, ó ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí bàbá rẹ fi ru ìdánwò náà sọdá títì. Onífọ́tòkọ́pì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò ó.

Mo padà lọ dúpẹ́ nínú ẹgbẹ́. Mo ní kí n tilẹ̀ wo irú ẹni tí Gbòǹgbò yìí jẹ́, mo tẹ àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì fẹ̀. Ajá wa ni mo rí, ajá tí etí rẹ̀ kan gé, tó sùn sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa, àti ẹsẹ̀ èmi alára nínú sálúbàtà.

Mi ò tú ọ fó. Mo kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Gbòǹgbò, ajá wa ti jẹun lónìí. Kò yé ẹnì kankan àfi ìwọ. Kíá lo pa ọ̀rọ̀ rẹ rẹ́, láti ìgbà náà ni o ò ti pè wá.

Bí o bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì ni, ò bá ti mọ ẹni tó ni orókùn náà. Àmọ́ kì í ṣe pé o ò dá mi mọ̀ ló ń bí mi nínú. Bó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ńkọ́? Tọ̀sán-tòru lo fi ń tún kọ̀ǹpútà àlejò ṣe nínú ẹgbẹ́ yẹn, mo máa ń fi ọ́ yangàn. Ṣé báyìí lo ṣe ń tún un ṣe?

Má ṣe wá yọ ẹyẹ náà o, ó ti mọ́ mi lára. Fi owó inki ránṣẹ́, ẹ̀rọ tuntun yìí ń mu ún bí ẹni tó ti oko dé. Gbé fóònù rẹ. Kí o sì wálé, má ṣe mú irinṣẹ́ kankan dání, wá jókòó kí n rí ojú rẹ. Ìbínú mi ò ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò ní lé olùrànlọ́wọ́ rẹ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá dé ibi tí o ò mọ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.